Kòkòrò Ẹ̀wà: Èyí Tí À Ń Rí Kọ́ Ni Ó Ń Jẹ Ẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a bá yín sọ lórí rádíò nípa ẹ̀wà ni a kọ sí ojú ìwé yìí, kí ẹni tí kò gbọ́ ọ lè kà á, kí ẹni tí ó gbọ́ ọ sì lè tún un yẹ̀ wò ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Ẹ má kánjú. Bí ọ̀rọ̀ kan bá gùn jù, ẹ fi ìka sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ pè é díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó mọ̀wé jù nínú ilé lè kà á sókè fún àwọn yòókù.

Ilé ìyá mi ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún kan, ìyá mi kórè ẹ̀wà tí ó dára púpọ̀. Ó ta díẹ̀, a jẹ díẹ̀, ó sì ṣa èyí tí ó dára jù nínú rẹ̀ sínú ìkòkò ńlá kan fún irúgbìn. Ó fi ọmọrí dé e, ó gbé e sí igun yàrá. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí rí kòkòrò kéékèèké tí ń rìn lórí ẹ̀wà náà. Ìyá mi kò ya ọ̀lẹ. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, bí ó bá ti dé, á da ẹ̀wà náà sórí atẹ, á fẹ́ ẹ, á gbọn kòkòrò rẹ̀ dànù fún adìẹ, á sì dá a padà sínú ìkòkò. "Mo ti kó wọn tán," ni ó máa ń wí. Ní ọjọ́ ọjà mìíràn, kòkòrò tún ti kún ojú ìkòkò.

Nígbà tí òjò rọ̀ tí ó tó àkókò àti gbìn, ìyá mi ki ọwọ́ bọ ìkòkò náà. Ìyẹ̀fun ni ó bá nínú rẹ̀. Ẹ̀wà tí ó kù fúyẹ́ bí èèpo, ihò mẹ́ta mẹ́rin ni ó wà lára ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó ti ta ẹ̀wà tirẹ̀ ní pọ́ọ́kú nígbà ìkórè. Ó wá di pé kí ó ta ewúrẹ́ kan kí ó tó lè rí irúgbìn rà ní ọ̀wọ́n.

Mo rò ó títí. Obìnrin yìí kò jẹ́ kí ọjọ́ ọjà kan kọjá kí ó má fẹ́ ẹ̀wà rẹ̀. Kí ni ó dé tí kòkòrò náà kò tán? Ìgbà tí mo mọ bí kòkòrò náà ṣe ń gbé ayé rẹ̀ ni mo tó rí ìdáhùn. Àwọn àgbà wa ti wí pé kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó ń gbé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti ẹ̀wà. Èyí tí ìyá mi ń gbọn dànù ti jẹun tán kí ó tó jáde. Àwọn tí ń jẹun lọ́wọ́ wà nínú ẹ̀wà tí ó ń dá padà sínú ìkòkò.

Ẹ jẹ́ kí a wo kòkòrò náà dáadáa. Ó kéré púpọ̀. Bí ẹ bá gbé e sórí rúlà àwọn ọmọ iléèwé, ó tó bíi milimítà mẹ́ta, èyíinì ni bí ìlà kéékèèké mẹ́ta péré. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀ pupa tí ó ṣú díẹ̀, ó sì ní àmì dúdú lẹ́yìn. Bíi ti yímíyímí tí ń yí ìgbẹ́ lójú ọ̀nà, ìyẹ́ méjì líle ni ó fi bo ẹ̀yìn rẹ̀, ìyẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó fi ń fò sì wà lábẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìyẹ́ líle náà kò bo ìdí rẹ̀ tán. Ó dà bí ẹni tí aṣọ rẹ̀ kúrú. Bí ẹ bá rí i tí ìdí rẹ̀ yọ síta báyìí, ẹ ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Abo tóbi díẹ̀ ju akọ lọ.

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ gbogbo ayé ń pè é ni Callosobruchus maculatus. Ẹ má jẹ́ kí ó dẹ́rù bà yín. Èmi náà já a sí mẹ́rin kí n tó lè pè é. Kòkòrò ẹ̀wà ni àwa yóò máa pè é. Ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí ni ẹ̀wà ti bẹ̀rẹ̀, ibí náà ni àwọn onímọ̀ sì gbà pé kòkòrò rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ẹ̀wà bá lọ, ó ń tẹ̀lé e. Nígbà òwò ẹrú, ẹ̀wà yìí ré òkun kọjá lọ sí Brazil. Ní Bahia, títí di òní, wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n ń fi epo pupa dín in, wọ́n sì ń pè é ní acarajé. Ẹ gbọ́ àkàrà nínú orúkọ náà. Kòkòrò ẹ̀wà wà lọ́hùn-ún pẹ̀lú.

Àwọn kan ń sọ pé ẹ̀wà fúnra rẹ̀ ni ó ń bí kòkòrò, bí ó bá pẹ́ nílé tàbí bí ooru bá mú un. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbàlagbà tí mo bọ̀wọ̀ fún. Èmi kì í bá wọn jà, nítorí ẹni tí ó da ẹ̀wà mímọ́ sínú ìkòkò, tí ó bò ó, tí ó sì bá kòkòrò nínú rẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan, kí ni yóò rò? Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí kòkòrò ẹ̀wà kan tí kò ti inú ẹyin wá. (Ẹ ṣàkíyèsí àmì ohùn: ẹyin ni ohun tí adìẹ ń yé, ẹ̀yin ni ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí. Lẹ́tà kan náà ni, àmì orí rẹ̀ ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀.)

ẸYIN LÁRA Ẹ̀WÀ

Kòkòrò tí ẹ ń rí tí ń rìn lórí ẹ̀wà kì í jẹ ẹ̀wà. Ẹ jẹ́ kí n tún un wí: kì í jẹ ẹ̀wà. Kò nílò oúnjẹ, kò nílò omi. Ohun tí ó ti jẹ ní kékeré ni ó fi ń gbé ayé rẹ̀, ayé náà kò sì gùn: bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ó ti kú. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó bá jáde wá: kí akọ àti abo pàdé, kí abo sì yé ẹyin.

Abo kan lè yé ẹyin 80 tàbí 100. Kò kàn ń dà wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń rìn láti orí ẹ̀wà kan dé òmíràn, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀wà tí ara rẹ̀ dán ni ó fẹ́ràn. Bí ó bá rí i pé ẹyin ti wà lára ẹ̀wà kan, á fi í sílẹ̀, á lọ wá èyí tí ó ṣófo. Oúnjẹ inú ẹyọ ẹ̀wà kan kò tó fún ọmọ púpọ̀. Ìgbà tí èyí tí ó ṣófo bá tán ni ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí rí ẹyin mẹ́ta mẹ́rin lórí ẹyọ kan.

Ó ń lẹ ẹyin náà mọ́ ara ẹ̀wà pẹ̀lú ohun kan tí ó dà bí oje igi. Ẹ lè fẹ́ ẹ̀wà náà, ẹ lè gbọn ọ́n, kò ní bọ́. Nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e, ẹyin náà mọ́ gaara bí omi. Ojú kì í tètè rí i. Ní bí ọjọ́ 5 tàbí 6, ẹyin á pa. Ọmọ náà kì í jáde síta rárá. Láti abẹ́ ẹyin ni ó ti ń gbẹ́ ihò wọ inú ẹ̀wà tààrà, ìyẹ̀fun tí ó bá gbẹ́ ni ó sì ń tì sẹ́yìn sínú èèpo ẹyin tí ó ti kúrò nínú rẹ̀. Ohun tí ó ń mú kí èèpo ẹyin náà di funfun nìyẹn.

Ẹ mú ẹ̀wà kan tí ó ti pẹ́ nílé jáde sí oòrùn, kí ẹ wò ó. Ẹ̀wà pupa ni ó dára jù fún èyí. Bí ẹ bá rí àmì funfun kékeré kan tí ó lẹ̀ mọ́ ọn lára, ẹ̀wà náà lè má ní ihò, ó lè dán, ó lè wuyì lójú. Ọmọ kòkòrò ti wà nínú rẹ̀.

Inú ibẹ̀ ni gbogbo jíjẹ ti ń ṣẹlẹ̀. Ìdin funfun ni ọmọ náà, ó ká jọ bí ẹni tí òtútù mú. Ó ń jẹ inú ẹ̀wà, ó ń sanra, ó ń bọ́ awọ ara rẹ̀ sílẹ̀, ó tún ń jẹ. Bí ó bá kù díẹ̀ kí ó dàgbà, á jẹ ọ̀nà dé abẹ́ èèpo ẹ̀wà, ṣùgbọ́n kì í lu èèpo náà. Á fi í sílẹ̀ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìwé. Bí ẹ bá wo ẹ̀wà náà, ẹ ó rí ojú kan róbótó tí ó ṣókùnkùn díẹ̀, bí fèrèsé tí a tì. Lẹ́yìn fèrèsé yìí ni ìdin náà ti ń dákẹ́, kò jẹ, kò rìn, títí ẹsẹ̀ àti ìyẹ́ yóò fi hù sí i lára. Nígbà tí ó bá di kòkòrò pípé, á fi ẹnu gé etí fèrèsé náà yí ká, á fi orí tì í, ìdérí róbótó kan á ṣí, á sì jáde. Ihò tí a ń rí lára ẹ̀wà nìyẹn. Ọ̀nà tí olè gbà jáde ni. Ọ̀nà tí ó gbà wọlé kéré débi pé ojú kò rí i.

Láti ọjọ́ tí a yé ẹyin dé ọjọ́ tí kòkòrò jáde, nínú ooru ilẹ̀ wa, ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó lè dín díẹ̀, ó lè lé díẹ̀. Ẹ pè é ní oṣù kan.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣírò tí a kọ́ ní kíláàsì ṣiṣẹ́. Kí a sọ pé abo kan péré wà nínú àpò, ó yé ẹyin 80. Ní òpin oṣù kìíní, kòkòrò 80 jáde. Kí 40 nínú wọn jẹ́ abo. Abo 40 yé ẹyin 80 lọ́kọ̀ọ̀kan: 40 lọ́nà 80 jẹ́ 3,200. Oṣù kejì nìyẹn. Ìdajì 3,200 jẹ́ 1,600. Abo 1,600 lọ́nà 80 jẹ́ 128,000. Oṣù kẹta nìyẹn. Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń yè. Àwọn mìíràn ń kú nínú ẹyin, ebi ń pa àwọn mìíràn nínú ẹ̀wà tí èrò ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé kílò ẹ̀wà kan kò ju ẹgbẹ̀rún ẹyọ mélòó kan lọ. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó wo àpò rẹ̀ ní oṣù kìíní fi lè sọ pé kò sí nǹkan, kí ó sì ké ní oṣù kẹta. Ìbẹ̀rù oṣù kẹta yìí náà ni ó ń mú wa kó ẹ̀wà lọ sí ọjà ní ọ̀sẹ̀ tí a kórè rẹ̀, nígbà tí gbogbo ayé ń tà, tí oníṣòwò ń dá iye owó fún wa. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, a tún ń rà á padà lọ́wọ́ oníṣòwò kan náà láti fi ṣe ọ̀lẹ̀lẹ̀.

LÁTI OKO NI Ó TI Ń BÁ WA BỌ̀

Ta ni ó wá gbé abo àkọ́kọ́ wọ inú àpò? Àwa fúnra wa ni. Nígbà tí ẹ̀wà bá ń gbó lóko, tí èèpo rẹ̀ ń gbẹ, kòkòrò ń fò wá, ó ń yé ẹyin sára èèpo náà. Ọmọ rẹ̀ á lu èèpo, á wọ inú ẹ̀wà. Bí èèpo bá ti là, tàbí bí kòkòrò mìíràn bá ti lu ú tẹ́lẹ̀, abo á gba ibẹ̀ yé ẹyin sórí ẹ̀wà gan-an. Wọn kì í pọ̀ lóko. Nínú ọgọ́rùn-ún ẹyọ, ó lè má ju ẹyọ kan tàbí méjì tí ó ní i. Àwa ni a ń ká wọn, tí a ń rù wọ́n wálé, tí a sì ń dà wọ́n sí ibi tí òjò kò ti lè pa wọ́n, tí adìẹ kò rí wọn, tí oúnjẹ yí wọn ká. Bí ẹ̀wà bá ṣe pẹ́ lóko tó lẹ́yìn tí ó gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni ẹyin tí à ń rù wálé ń pọ̀ sí i.

Ohun kan wà tí ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Oríṣi méjì ni kòkòrò yìí, bẹ́ẹ̀ ìyá kan náà lè bí méjèèjì. Oríṣi kan jẹ́ onílé: kì í fẹ́ fò, ó ń yé ẹyin púpọ̀, ó sì ń tètè kú. Oríṣi kejì jẹ́ arìnrìn-àjò: ó ń fò dáadáa, ẹyin rẹ̀ kò pọ̀, ó sì ń pẹ́ láyé ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí àyè ṣì wà nínú àpò, onílé ni ó pọ̀. Bí wọ́n bá ti pọ̀ jù, àpò náà á máa gbóná. (Ẹ ki ọwọ́ bọ àpò ẹ̀wà tí kòkòrò ti gbà, ẹ ó mọ̀ ọ́n.) Àwọn ìdin tí ó dàgbà nínú ooru àti ìhámọ́ yẹn ni ó ń di arìnrìn-àjò. Wọ́n á fò jáde lọ wá oko ẹ̀wà. Nítorí náà, àpò kan tí ó bàjẹ́ nínú ilé ẹnì kan, oko gbogbo abúlé ni ó ń rán kòkòrò sí.

Kòkòrò náà ní ọ̀tá tirẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun dúdú tín-ín-rín bí èèrà tí ó ní ìyẹ́, tí ń sáré láàrin ẹ̀wà, agbọ́n wẹ́wẹ́ ni. Kì í ta ènìyàn, kì í jẹ ẹ̀wà. Ó ń wá ẹ̀wà tí ìdin wà nínú rẹ̀, á fi abẹ́rẹ́ ìdí rẹ̀ lu ú wọlé, á yé ẹyin sára ìdin náà. Ọmọ agbọ́n á jẹ ìdin. Òmíràn wà tí ó tún kéré ju èyí lọ. Inú ẹyin kòkòrò ẹ̀wà ni ó ń yé ẹyin tirẹ̀ sí. Iṣẹ́ wọn dára, ṣùgbọ́n wọn kì í lè pa gbogbo rẹ̀.

KÍ NI A LÈ ṢE?

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ ìyá mi. Fífẹ́ ẹ̀wà kò burú. Kòkòrò tí adìẹ bá jẹ kò ní yé ẹyin mọ́. Ṣùgbọ́n kò kan àwọn ti inú. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ ṣe, ọ̀sẹ̀ tí ẹ kórè ẹ̀wà ni kí ẹ ṣe é. Bí ẹ bá dúró títí ẹ fi rí ihò, oṣù kan ti lọ.

Ẹ tètè ká ẹ̀wà bí èèpo rẹ̀ bá ti gbẹ. Ẹ sá a kí ó gbẹ dáadáa: bí ẹ bá fi eyín gé ẹ̀wà tí ó gbẹ, ó ń ṣẹ́, kì í tẹ̀. Ẹ ṣa èyí tí ó ti ní ihò kúrò. Ẹ má da ẹ̀wà tuntun pọ̀ mọ́ ti èṣí, bó ti wù kí ti èṣí kéré tó. Ẹ gbọn àpò tí ẹ fẹ́ lò, ẹ sá a sí oòrùn, nítorí kòkòrò ń fara pamọ́ sí ojú rírán rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀nà tí èmi fẹ́ràn jù ni bídọ́ọ̀nù, irú èyí tí a fi ń ta òróró. Kí ó mọ́, kí inú rẹ̀ gbẹ, kí ìdérí rẹ̀ le. Ẹ da ẹ̀wà gbígbẹ sí i títí yóò fi kún dé ẹnu. Ẹ máa gbọn ọ́n bí ẹ ti ń dà á, kí ẹ̀wà lè jókòó, kí àyè má ṣẹ́ kù lókè. Ẹ dé e pinpin, ẹ má sì ṣí i fún oṣù méjì ó kéré tán. Ẹni tí ẹ̀wà rẹ̀ pọ̀ lè lo àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS: ọ̀rá nípọn méjì tí ó wọ inú ara wọn, àpò líle ní ìta. Ẹ ó di ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ilẹ̀ Cameroon ni àwọn onímọ̀ láti yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà àti àwọn ará Cameroon ti jọ gbìyànjú rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1980. Láti ọdún 2007 ni a ti ń tàn án ká Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Kí ni ó ń pa kòkòrò nínú bídọ́ọ̀nù? Ọ̀pọ̀ á sọ pé àìrí afẹ́fẹ́ mí ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Àwọn ìdin ń mí, wọ́n á mí títí afẹ́fẹ́ tí ó dára inú bídọ́ọ̀nù á fi tán. Ẹ rántí pé ìdin kì í rí omi mu, ẹ̀wà gbígbẹ kò sì ní omi tó nínú. Láti inú oúnjẹ tí wọ́n jẹ ni ara wọn ti ń ṣe omi, afẹ́fẹ́ ni ó sì fi ń ṣe é. Bí afẹ́fẹ́ bá tán, wọn kò lè jẹun mọ́, wọn kò lè ṣe omi mọ́. Òùngbẹ ni ó ń pa wọ́n. Ní ọdún 2012 ni àwọn onímọ̀ Purdue náà tẹ ìwádìí yìí jáde. Nítorí náà, ẹni tí ó ń ṣí bídọ́ọ̀nù ní gbogbo ọjọ́ ọjà láti wò ó, omi ni ó ń bù fún wọn mu. Ẹ di ti jíjẹ sínú bídọ́ọ̀nù kéékèèké, kí ẹ lè ṣí ọ̀kan láì kan àwọn yòókù. Bídọ́ọ̀nù mẹ́ta ni ìyá mi ní nísinsìnyí. Ó fi èédú kọ oṣù tí ó dì wọ́n sára wọn, nítorí òun náà ti wá sí kíláàsì.

Ẹni tí kò ní bídọ́ọ̀nù ní eérú. Eérú igi ni, tí ó ti tutù, tí a ti kù nínú asẹ́. Ẹ fi igbá kan náà wọn méjèèjì: igbá ẹ̀wà mẹ́rin, igbá eérú mẹ́ta. Ẹ pò wọ́n pọ̀, ẹ dà á sínú ìkòkò, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ sì fi eérú nìkan bo òkè rẹ̀ kí ó nípọn tó ìka méjì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ẹ̀kúnwọ́ eérú kan sí odidi ìkòkò, wọ́n á wá ní eérú kò ṣiṣẹ́. Báwo ni yóò ṣe ṣiṣẹ́? Eérú kì í pa ìdin tí ó ti wà nínú ẹ̀wà. Ó ń dí àyè àárin ẹ̀wà ni, kí èyí tí ó bá jáde má rí ọ̀nà rìn, kí akọ má rí abo, kí abo má rí ibi yé ẹyin sí. Bí àyè bá ṣẹ́ kù, wọ́n á rìn.

Fún ẹ̀wà díẹ̀ tí ẹ fẹ́ jẹ, òróró ẹ̀pà dára: ṣíbí kékeré kan, èyí tí ó gba bíi milílítà 5, fún kílò kan. Ẹ fi ọwọ́ pa á títí gbogbo ẹyọ yóò fi dán. Òróró ń pa ẹyin.

Oòrùn ńkọ́? Gbogbo wa ni a ń sá ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n bí a bá sá a lásán lórí ẹní, àwọn tí ó ti jáde á sá lọ, ooru kò sì ní tó láti pa àwọn ti inú. A ní láti há ooru náà mọ́. Ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ tàbí ẹní sílẹ̀, ẹ tẹ́ ọ̀rá dúdú lé e. Ẹ da ẹ̀wà sórí rẹ̀, kí ó má nípọn ju ìka kan lọ. Ẹ fi ọ̀rá tí a lè wò kọjá bò ó, kí ẹ fi òkúta tẹ etí rẹ̀ yí ká. Ní ọjọ́ tí oòrùn mú gan-an, ẹ fi í sílẹ̀ láti agogo méjìlá sí agogo méjì ọ̀sán tàbí kí ó lé díẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti wọ̀n ọ́n: bí ẹ̀wà bá gbóná dé ìwọ̀n 57 lórí ohun ìwọ̀n ooru fún wákàtí kan, ẹyin, ìdin àti àgbà ni ó ń kú pọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó tutù kí ẹ tó dì í, kí ẹ sì dì í síbi tí kòkòrò mìíràn kò ti lè wọlé, nítorí oòrùn àná kì í lé kòkòrò òní.

OÒGÙN ÒWÚ KÌ Í ṢE OÒGÙN Ẹ̀WÀ

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn kan ń bu oògùn tí a fi ń fín òwú sí ẹ̀wà. Ó ń pa kòkòrò lóòótọ́. Ó ń pa ènìyàn pẹ̀lú. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e pé fífọ̀ tàbí sísè yóò mú un kúrò. Ní ọdún 1999, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Benin, oògùn òwú kan tí ń jẹ́ endosulfan pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọmọdé wà nínú wọn. Ní ọdún 2011, àwọn orílẹ̀-èdè ayé fi í kún àwọn oògùn tí wọ́n fẹnu kò láti fòpin sí. Ṣùgbọ́n oògùn òwú mìíràn wà, ó sì máa ń wá sí ọjà nínú ìgò tí a kò kọ nǹkan kan sí. Bí ẹ bá gbóòórùn oògùn lára ẹ̀wà lọ́jà, ẹ má rà á, bó ti wù kí ó mọ́ tó. Èmi yóò kúkú ra ẹ̀wà tí ó ní ihò díẹ̀.

Bí ẹnì kan bá jẹ ẹ̀wà, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí bì, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ó ń làágùn, tàbí tí gìrì mú un, ẹ má dúró wá epo pupa fún un mu. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ mú ìgò oògùn náà dání kí àwọn oníṣègùn lè mọ ohun tí ó jẹ́.

IṢẸ́ ṢÍṢE FÚN KÍLÁÀSÌ

Ẹ wá ìgò méjì tí a lè wò kọjá. Ẹ mú ẹ̀wà tí a ti há mọ́ inú ooru lábẹ́ ọ̀rá bí a ti sọ lókè, ẹ ka ẹyọ 50 sí ìgò kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi kòkòrò sí ìgò kìíní. Ẹ fi kòkòrò mẹ́fà tí ó wà láàyè sí ìgò kejì. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ bo ẹnu méjèèjì, kí ẹ sì fi òwú dì í pinpin.

Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sórí ìwé. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, ẹ gbé ìgò náà sí ìmọ́lẹ̀, kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí: ẹyin tí ó mọ́ gaara, ẹyin tí ó di funfun, kòkòrò tí ó kú. Bí ó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ kẹta, gbogbo àgbà á ti kú, ìgò kejì á dákẹ́, ẹ ó rò pé ó ti parí. Ẹ má dà á nù. Ẹ wá fèrèsé róbótó náà, kí ẹ ka iye rẹ̀ kí ó tó ṣí.

Ní ọjọ́ 35, ẹ ka ihò inú ìgò kìíní, ẹ ka ti ìgò kejì, ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ mú ìwé náà wá sí kíláàsì. Ẹ fi ìgò kejì sílẹ̀ nílé o. Ẹ da ohun inú rẹ̀ sínú omi gbígbóná kí ẹ tó dà á fún adìẹ.